Làdáánì Tó Ń Pẹ́ Dé

Mama Efe tó ń dín àkàrà níwájú ilé wa ní Igbudu nílùú Warri ní òun ò mọ ìgbà tó yẹ kí òun gbé epo kaná mọ́. Urhobo ni, onígbàgbọ́ ni, kò sì wọ mọ́sáláṣí rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọkọ ti gbé e wá sí àdúgbò yìí, ohùn bàbá mi àgbà ló fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ fẹ́ mọ́. "Your grandpapa na my clock," ó wí fún mi lọ́jọ́ tí mo dé lẹ́yìn ìsìnkú, ó ń fi etí ìró nu ojú. "Who go dey wake me now?" Èmi náà ń bi ara mi ní ìbéèrè kan náà.

Làdáánì ni bàbá mi àgbà. Àwọn ló ń pe ìrun ní mọ́sáláṣí kékeré tó wà lẹ́yìn ọjà, níbi tí àwọn Yorùbá tí iṣẹ́ gbé wá sí Warri ti ń kírun. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni wọ́n, ahunṣọ ni bàbá wọn, àwọn fúnra wọn sì ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí, títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Bùràímọ̀ ni orúkọ àbísọ wọn, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń dá a pè àfi Màmá Àgbà, ìyàwó wọn, nígbà tí inú bá ń bí wọn. Bàbá Làdáánì ni gbogbo ayé mọ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo dàgbà sí, torí pé Aladja ni Láti, bàbá mi, ń gbé, ilé ìwé mi sì wà nítòsí ọjà Igbudu. Àwọn ọmọ kíláàsì mi tí kò gbọ́ Yorùbá ń pè mí ní Rabi Ladani, wọ́n rò pé orúkọ ìdílé wa ni, mo sì ń jẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Mi ò ní ka ìtàn ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbá ò fẹ́ràn rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ń ka ọdún tí òkú wọlé ìwé àti ọdún tó jáde níbi fídáù, wọ́n á tẹ̀ sí etí mi, wọ́n á ní: "Wọn ò sọ bó se máa ń rẹ́rìn-ín."

Nítorí náà, ẹ̀rín wọn rèé. Ẹ̀rín Bàbá kì í ní ohùn. Èjìká ni wọ́n fi ń rín in, á máa mì tìtì, ojú wọn á sì padé bí ẹni tó fẹ́ sín. Gbogbo ohùn tí wọn ò lò nínú ẹ̀rín, inú máíkì ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Bí wọ́n bá ti pe ìrun àsùbáà tán ní Lárúbáwá, wọ́n á fi Yorùbá kún un: "Ẹ dìde o, ìrun dára ju oorun lọ!" Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi ti Warri dé e: "My people, una don sleep reach! Make una wake come pray!" Àwọn kan nínú ìjọ ní kò bójú mu. Alága kọmítí mọ́sáláṣí, ọ̀gá kan nílé iṣẹ́ epo tí wọ́n gbé wá láti Èkó, pè wọ́n sẹ́yìn, ó ní ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbọ́ Píjìn yẹn kì í ṣe Mùsùlùmí, kí ni Bàbá ń pè wọ́n sí? Bàbá ní: "Alága, oorun kì í bèèrè ẹ̀sìn kó tó gbé èèyàn."

Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe èmi ni mo ṣi "bó se" kọ o. Bàbá ò lè pe ṣ. Isu ni wọ́n ń jẹ, asọ ni wọ́n ń wọ̀. Mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú mi. Wọ́n ní bí Ọlọ́run ṣe dá lẹ́tà s nìyẹn ní ìhòòhò rẹ̀, àwa ọmọ ilé ìwé la wá so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn nídìí.

Ìjà èdè ni ìjà wa tó pẹ́ jù. Yorùbá ni wọ́n ń sọ sí mi, Píjìn ni mo fi ń dáhùn. Kì í ṣe àfojúdi. Bí ahọ́n gbogbo àwa tí wọ́n tọ́ ní Warri ṣe rí nìyẹn: etí wa gbọ́ Yorùbá dáadáa, ẹnu wa ló máa ń sá. Wọ́n á ní, "Rábì, wá jẹun." Mo máa ní, "Baba, I dey come." Wọ́n á wo òrùlé, wọ́n á wo abẹ́ tábìlì, wọ́n á ní, "Ta ló sọ̀rọ̀ nínú ilé mi yìí?" Lọ́jọ́ kan mo bínú, mo ní, "But Baba, you dey speak am for mosque every morning!" Wọ́n gbé síbí sílẹ̀. Ohùn wọn rọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. "Àwọn ará ìta ni mò ń fi ìyẹn bá sọ̀rọ̀. Sé ará ìta ni ọ́?"

Kí n tó dáyé ni ti kàlẹ́ńdà. Ẹnu Mama Efe ni mo ti gbọ́ ọ, Bàbá ò sì jiyàn rẹ̀ rí. Láyé ìgbà yẹn, bí ààwẹ̀ bá ti ń bọ̀, àwọn ará ilé á fi kàlẹ́ńdà ààwẹ̀ ránṣẹ́ láti Ìsẹ́yìn, èyí tí wọ́n kọ àkókò sààrì àti àkókò ìṣínu sí. Bàbá á kàn án mọ́ ògiri mọ́sáláṣí, gbogbo ìjọ á sì máa tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó rò ó pé Warri wà níhà ìlà oòrùn ju Ìsẹ́yìn lọ, pé ilẹ̀ ti máa ń mọ́ níbí kó tó mọ́ lọ́hùn-ún. Láàárọ̀, wọ́n ń jẹun kọjá àkókò. Nírọ̀lẹ́, wọ́n tún ń fi ebi panú kọjá àkókò. Yorùbá tó jìnnà sílé nìkan ló lè ṣe irú àṣìṣe yìí: ẹsẹ̀ wọn wà ní Igbudu, ikùn wọn ń lo aago Ìsẹ́yìn.

Mama Efe tó ń ta àkàrà sààrì fún wọn ló sọ̀rọ̀. "Baba, day don break, una still dey chop. This calendar na for una village." Bàbá gbaná jẹ. Kí ni onígbàgbọ́ mọ̀ nípa ààwẹ̀? Wọn ò ra àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, wọn ò kí i dáadáa. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ń jẹ wọ́n lọ́kàn. Ní òwúrọ̀ kan tí kùrukùru ò sí, wọ́n dúró létí gọ́tà, wọ́n gbójú sókè, wọ́n sì rí i tí ojú ọ̀run ti funfun nígbà tí kàlẹ́ńdà ṣì ní kí wọ́n máa jẹun. Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n dìde láàárín ìjọ, wọ́n ní ẹ̀bi àwọn ni. Lèmọ́mù ní Ọlọ́run ò ní bi ẹni tí kò mọ̀. Síbẹ̀, lẹ́yìn ọdún ìtúnu, Bàbá gba gbogbo ààwẹ̀ náà padà, Màmá Àgbà sì bá wọn gbà á láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n gbà á. Wọ́n ní oúnjẹ tí àwọn jọ jẹ ni. Bàbá ya kàlẹ́ńdà náà kúrò lára ògiri, wọ́n lọ ra àkàrà lọ́wọ́ Mama Efe, wọ́n sì sọ gbólóhùn kan tí obìnrin náà ṣì ń fi yangàn títí dòní: "Ibi téèyàn bá dúró sí ni kó ti máa wo ojú ọ̀run."

Màmá Àgbà tí mo ń dárúkọ yìí kì í ṣe ẹni tí à ń fẹnu bà kọjá. Ìyá Àdínì ni wọ́n ní mọ́sáláṣí wa. Gbogbo obìnrin tó ń kírun níbẹ̀, ọwọ́ wọn ló ti kọ́ àlùwàlá. Èmi náà kọ́ ọ níbẹ̀, ẹ̀yìn ọwọ́ mi sì mọ bí àtẹ́lẹwọ́ tútù Màmá ṣe ń dunni bí èèyàn bá gbàgbé ìgúnpá. Orin ni wọ́n fi ń kọ́ wa: ọwọ́, ẹnu, imú, ojú, apá, orí, etí, ẹsẹ̀. Òfin wọn kan ṣoṣo ni pé ẹni tó bá fo ọ̀kan, kó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹ̀bẹ̀.

Àwọn méjèèjì sì ní àṣà kan tí mo bá nílẹ̀. Lójoojúmọ́, kí Bàbá tó lọ pe àsùbáà, Màmá á ti ṣe àlùwàlá tiwọn tán, wọ́n á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á wo Bàbá láti fìlà dé bàtà, wọ́n á ní: "Ẹ lọ pè wá." Bàbá kì í jáde láìgbọ́ ọ. Mo rò pé nígbà tí mo wà ní kékeré, ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé Màmá ló rán làdáánì níṣẹ́, pé bí wọn ò bá rán wọn, ilẹ̀ Warri ò ní mọ́.

Ìràwọ̀ ni mo wá lọ kọ́ nílé ẹ̀kọ́ gíga, nílẹ̀ òkèèrè. Ó ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ní Igbudu, níbi tí gbogbo ọmọ tó bá mọ ìṣirò ti ń lọ sídìí epo. Irú ìràwọ̀ kan wà tó jẹ́ pé lẹ́yìn tó bá ti jó tán, tó kú, ara rẹ̀ á sún kì, á kéré, á wúwo kọjá sísọ, á sì máa yí bí òkòtó. Àwọn Òyìnbó ń pè é ní pọ́lísà. Gbogbo ìgbà tó bá yíjú sí wa ni ẹ̀rọ wa ń gbọ́ ọ: kì, kì, kì. Ó ń lù létòlétò débi pé a lè sọ ìgbà tí èyí tó kàn máa dé. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ṣọ́ èyí tó bá yára dé tàbí tó pẹ́ dé, kí n sì wádìí rẹ̀. Ó lè jẹ́ aago tiwa ló ṣìnà. Ó lè jẹ́ ibi tí ayé wa dúró sí lọ́jọ́ yẹn, gẹ́gẹ́ bíi ti kàlẹ́ńdà Bàbá. Ó lè jẹ́ pé nǹkan mì nínú ìràwọ̀ náà fúnra rẹ̀, tó fi sáré díẹ̀ kó tó padà sí ìrìn rẹ̀. Nígbà mìíràn sì rèé, nǹkan kan tí ojú wa ò rí ló ń bá a rìn, tó ń fà á síwá, tó ń fà á sẹ́yìn.

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún Bàbá níwájú ilé, ní Píjìn. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́.

"Ìràwọ̀ yẹn ti kú?"

"E don die, Baba. Tey-tey."

"Ó sì ń pẹ́ dé?"

"Yes, Baba. Small-small."

Èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Wọ́n nu ojú. "Padà lọ wò ó dáadáa, Rábì. Òkú kì í pẹ́ dé. Alààyè ní ń pẹ́ dé."

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti sọ ìràwọ̀ mi ní Làdáánì Òkè. Bí mo bá pè wọ́n lórí fóònù, kí wọ́n tó bèèrè bóyá mo ti jẹun, wọ́n á ní, "Làdáánì Òkè ńkọ́? Sé ó ti pèrun?" Lọ́jọ́ kan mo ṣàròyé pé ó tún ti pẹ́, pé ó fẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́. Bàbá ní ní wọ́ọ̀fù, ọ̀gá àwọn máa ń bú ọkọ̀ ojú omi tó bá pẹ́, ọkọ̀ náà ò sì gbọ́. Wọ́n ní: "Má bú u. Bi í pé kín ló dá a dúró."

Nígbà tó wá kan Bàbá láti máa pẹ́ dé, bíbú ni àwọn èèyàn kọ́kọ́ bú wọn.

Ọdún tó ṣáájú ikú wọn ló bẹ̀rẹ̀. Àsùbáà nìkan ni. Lọ́jọ́ kan á dé lásìkò, lọ́jọ́ kejì á pẹ́ díẹ̀, lọ́jọ́ mìíràn á pẹ́ débi tí Mama Efe á fi máa pariwo láti ẹ̀yìn gọ́tà: "Baba Ladani! Day wan break o! I never put oil!" Àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní Ekete àti Aladja ń ráhùn pé ìrun ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn. Alága bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé fóònù wà tó lè sọ àkókò fún èèyàn láìyẹ̀, pé àfáà kan wà tí ara rẹ̀ ṣì le. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Òun ló ra sípíkà tí Bàbá ń lò, ó sì ń fi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀. Gbogbo ìjọ gbà pé àgbà ló dé.

Mo wà nílé fún ìsinmi nígbà tí wọ́n fi ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ náà sí ẹ̀yìn ìrun Jímọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Bí wọ́n bá gba máíkì lọ́wọ́ Bàbá, kí ló kù tí wọ́n á máa jí fún? Mo ń ro ọ̀rọ̀ náà lórí ibùsùn, nǹkan kan sì kọ̀ láti tò lọ́kàn mi. Àyílà wọn ò yẹ̀. Àlàásárì ò yẹ̀. Màgáríbì àti Ìṣáì ń dé bí wọ́n ṣe ń dé látijọ́. Mo ní lọ́kàn mi, ogbó wo ló ń ṣa ìrun kan ṣoṣo jẹ láàárín márùn-ún?

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ Jímọ̀ náà, omi tó ń dà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ jí mi. Mo ká kọ́tìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Màmá jókòó lórí àpótí, Bàbá lóṣòó síwájú wọn pẹ̀lú búútà, wọ́n ti wọ jalàbíà, wọ́n ti dé fìlà. Bàbá ń da omi náà díẹ̀díẹ̀. Màmá fọ ọwọ́, wọ́n yọ ẹnu, wọ́n fín imú, wọ́n bọ́jú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dúró. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, omi ń kán, wọ́n ń wò ó bí ẹni tó ń wo ọwọ́ àlejò. Bàbá gbé ẹnu búútà sókè.

"Mo ti fo ọ̀kan," Màmá wí.

"Kò séwu. Ká padà sí ìbẹ̀rẹ̀."

Wọ́n padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ọwọ́, ẹnu, imú, ojú. Ibi kan náà ni Màmá tún ti dúró. "Bàbá Láti, èwo ló kàn?"

Bàbá ò fi ọwọ́ kàn wọ́n. Wọ́n tẹrí ba díẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ní, "Èwo lẹ kọ́ wa, Ìyá Àdínì?"

Màmá rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà! Apá ni." Wọ́n wẹ apá, wọ́n pa orí, wọ́n pa etí. Níbi ẹsẹ̀ nìkan ni Bàbá ti ràn wọ́n lọ́wọ́, torí eékún. Nígbà tó parí, Màmá dìde, wọ́n wo Bàbá láti fìlà dé bàtà. "Ẹ lọ pè wá." Bàbá sì jáde, wọ́n ń fi ìṣísẹ̀ kéékèèké sáré lọ sí mọ́sáláṣí.

Mo sunkún, mo sunkún gan-an. Ohun tí ojú wa ò rí ló ń bá làdáánì wa rìn látọjọ́ yìí, inú ilé wa ló sì wà.

Nígbà tí Bàbá dé, ojú mi ló tú mi fó. Wọ́n fà mí lọ sẹ́yìn ilé.

"Baba, why you no go call first, then come back come help am?"

"Bí Màmá rẹ bá gbọ́ ìpè tí kò tíì se àlùwàlá, ẹ̀rù máa ń bà á. Ó máa ń rò pé mo ti fi òun sílẹ̀ lọ."

"Then tell dem! Dem go understand."

Wọ́n mirí. "Gbogbo obìnrin inú ìjọ, òun ló kọ́ wọn. Sé kí n wá jẹ́ kí wọ́n máa kọ́ ọ?"

Wọ́n ní kí n ṣèlérí, mo ṣèlérí. Ní ọ̀sán yẹn, mo jókòó lẹ́yìn kọ́tìnì àwọn obìnrin, Màmá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ń fi ọwọ́ tò lára tẹ̀sùbáà wọn, wọn ò sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn ni wọ́n ń sọ. Alága bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oríkì, ó kí Bàbá, ó dúpẹ́, ó wá ní ìpè ti ń pẹ́. Bàbá dìde. "Òótọ́ ni," wọ́n wí. "Àgbà ti wọ ilé wa."

"Ṣé oorun ló ń gbé yín, Bàbá?" Alága bi wọ́n.

Ọkùnrin tó ń sọ fún gbogbo Igbudu pé ìrun dára ju oorun lọ tẹrí ba níwájú ìjọ rẹ̀. Bàbá ò ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Mo ti dìde dúró kí n tó mọ̀ pé mo dìde. Láti ọ̀hún ni Bàbá ti rí orí mi lókè kọ́tìnì. "Rábì, jókòó." Mo jókòó. Wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù máíkì kúrò lára kọ́kọ́rọ́ ilé, wọ́n fi lé Alága lọ́wọ́, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọ.

Nílé, mo bú sẹ́kún. Mo ní, "Baba, dem disgrace you! For your own mosque!" Bàbá ń bọ́ bàtà. Ọmọ ahunṣọ ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ṣe dá mi lóhùn: "Orúkọ tèmi ti gbó, ó gba àbùlẹ̀. Ti Màmá rẹ ni mi ò ní jẹ́ kó ya."

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò rò, títí kan Bàbá, dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àfáà tuntun pèrun lásìkò gan-an. Màmá ṣì wà lórí àpótí, ojú ni wọ́n fọ̀ dé. Wọ́n gbé orí sókè. "Ta ni ń pè? Bàbá Láti dà?"

"Mo wà níbí," Bàbá wí, búútà lọ́wọ́.

"Bí ẹ bá wà níbí, ta ló wá ń pè?"

Wọn ò gbà kí omi kàn wọ́n mọ́. Wọ́n ń gbọ̀n. Bàbá gbé búútà sílẹ̀, wọ́n bọ́ síta, wọ́n dúró létí gọ́tà, wọ́n sì pèrun tiwọn láìsí máíkì, ní ohùn jẹ́jẹ́, Lárúbáwá, Yorùbá, títí dé "una don sleep reach". Ara Màmá balẹ̀. Wọ́n padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ìpè méjì ló ń wà ní Igbudu, ti mọ́sáláṣí lásìkò rẹ̀, ti Bàbá nígbàkígbà tí Màmá bá ṣe tán, tí wọ́n bá ti ní "Ẹ lọ pè wá." Mama Efe yan èyí tó wù ú. "The first one na phone dey call am," ó wí. "Me I dey wait for Baba." Àwọn kan lọ sọ fún kọmítí pé Bàbá ti bínú dá mọ́sáláṣí tiwọn sílẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà. Wọ́n rán ẹnì kan wá bi wọ́n bóyá òótọ́ ni. Èjìká Bàbá mì tìtì. "Ẹ lọ fọkàn balẹ̀. Èèyàn kan soso ni mò ń pè."

Èmi ti padà sídìí ìràwọ̀ mi nígbà tí bàbá mi pè mí láti Aladja. Bàbá kírun Ìṣáì, wọ́n sùn, wọn ò jí. Oorun tí wọ́n ti ń bá jà láti ìgbà èwe ló gbé wọn. Kí n tó rí ọkọ̀ òfurufú wọ̀, wọ́n ti sin wọ́n.

Àṣírí tí Bàbá fi orúkọ ara wọn bò, ilẹ̀ kan péré ló mọ́ tó fi tú. Àwọn obìnrin ìjọ tó wá sùn ti Màmá ló rí i fúnra wọn láfẹ̀mọ́júmọ́. Wọ́n sọ fún mi pé kò sẹ́ni tó kígbe, kò sẹ́ni tó ṣàánú sójú. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ àlùwàlá tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá, ó ń kọ orin tí Màmá fi kọ́ ọ. Màmá ń wò ó, wọ́n ń ṣe tiwọn, wọ́n tiẹ̀ gbá a lọ́wọ́ níbi ìgúnpá. Nítorí náà, mi ò da ìlérí kankan bí mo ṣe ń kọ èyí. Gbogbo ìjọ ti mọ̀, wọ́n sì ń gba ipò búútà lọ́wọ́ ara wọn.

Alága wá kí wa. Ó jókòó pẹ́, ó ń yí fìlà lọ́wọ́. "Ràbíátù, kí ló dé tí Bàbá ò sọ fún wa?"

Yorùbá ló jáde lẹ́nu mi, ti Ìsẹ́yìn pàápàá. "Oorun lẹ bi wọ́n, sà. Ẹ ò bi wọ́n pé kín ló dá wọn dúró." Ó fi fìlà bo ojú, ó sì sunkún. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Ohun tó kù tí a ò rí ojútùú rẹ̀ ni ìpè. Ní àràárọ̀, bí àlùwàlá bá ti parí, Màmá á kọjú sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Ẹ lọ pè wá," wọ́n á sì dúró. Bàbá mi bọ́ síta lọ́jọ́ kìíní, ó pèrun dáadáa. Màmá mirí. "Láti nìyẹn. Bàbá rẹ̀ dà?" Lọ́jọ́ kejì ó tún gbìyànjú, ó gbé ohùn wúwo, Màmá sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìrun tí wọn ò fò láyé wọn ti fẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ wọn, torí wọn ò ní kí i láìjẹ́ pé ọkọ wọn pè wọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì fídáù, bàbá mi ti padà sí Aladja. Èmi àtàwọn obìnrin méjì la wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìpè mọ́sáláṣí ti lọ tipẹ́. Màmá nu ẹsẹ̀, wọ́n wo ẹnu ọ̀nà tó ṣófo láti òkè dé ilẹ̀. "Ẹ lọ pè wá." A wo ara wa. Màmá tún un sọ, ohùn wọn ti ń já. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Lẹ́yìn gọ́tà, a gbọ́ tí ẹnì kan ti àpótí sẹ́yìn tó sì dìde. Gbogbo àdúgbò gbọ́ ìyókù. "My people!" Mama Efe ni, ó na ohùn náà gẹ́lẹ́ bí Bàbá ṣe ń nà án. "Una don sleep reach! Make una wake come pray!"

Màmá tẹ́tí títí ó fi tán. Wọ́n di èjìká mi mú, wọ́n dìde, wọ́n tún ìborùn wọn ṣe, wọ́n sì kọjú sí kíbúlà.

"Ó pẹ́ díẹ̀ lónìí," wọ́n wí.